Ẹni Tó Dúró Lẹ́yìn Títíladé

Bàtà Ọ̀gá Rẹnátò ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Ẹyọ kan ló léfòó nínú kòtò omi ẹ̀gẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ sítáàṣì, ní ìta Lálúpọn, ó sì ń yí díẹ̀díẹ̀ lórí omi funfun náà. Àwọn obìnrin tó ń bó ẹ̀gẹ́ figbe ta. Nígbà tí wọ́n fi máa fa ọkùnrin náà jáde, ẹ̀yìn orí rẹ̀ ti là, kò mọ ẹni tó ń pè é mọ́, èémí tó kù nímú rẹ̀ kò sì tó nǹkan.

Ọ̀sán Ọjọ́rú kan lọ́dún 1992 nìyẹn. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, Títíladé, akọ̀wé ilé-iṣẹ́ náà, jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá ti mú Sanmí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́ àná. Sanmí ni olórí àwọn tó ń mú ẹ̀rọ ṣiṣẹ́, gbogbo ilé-iṣẹ́ ló sì gbọ́ lọ́jọ́ tó búra pé ojú Ọ̀gá Rẹnátò máa rí màbo lọ́wọ́ òun. Ará Filipíìnì ni Ọ̀gá Rẹnátò. Òun ló tẹ̀lé ẹ̀rọ náà wá láti òkè òkun, òun nìkan sì ni àjèjì tó kù síbẹ̀. Bó bá kú sí ọsibítù tí wọ́n gbé e lọ ní Ìbàdàn, Sanmí máa jẹ́jọ́ ìpànìyàn, ẹnikẹ́ni ò sì nílò kí wọ́n ṣàlàyé ibi tí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ń parí sí.

Ẹ̀rù ń ba Títíladé fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ohun tó tún wá ń já a láyà ju ìyẹn lọ ni pé kò dá a lójú pé kì í ṣe Sanmí ló ṣe é.

Obìnrin kan wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Ó sanra, ó kúrú, ìró àti bùbá àǹkárá ló wọ̀, ó ń jẹ kúlíkúlí láti inú àpamọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tó wá kí wọn kú àtijọ́. Sájẹ́ǹtì Akínwándé tẹ̀lé e, ó lejú. Sájẹ́ǹtì yìí jẹ́ ẹni tó jẹ́ pé bó bá ti mú ènìyàn kan, ọ̀rọ̀ ti parí lójú tirẹ̀ nìyẹn, inú rẹ̀ kì í sì í dùn sí ẹni tó bá fẹ́ tún un tú.

“Ìwọ ni àbúrò Sanmí?”

“Èmi ni, mà.”

“Má dìde. Inspẹ́kítọ̀ Gbọ́njúbọ́lá ni wọ́n ń pè mí. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni mí, láti Ìbàdàn. Wọ́n ní kí n wá bá Sájẹ́ǹtì yọ̀ pé wọ́n ti mú ẹni tó ṣe é.” Ó gbé ìdì kékeré kan sórí tábìlì. Náílọ́ọ̀nù ni wọ́n fi wé e, òwú ni wọ́n fi so ó dáadáa. “Abẹ́ ọ̀gá yín ni èyí wà nínú kòtò. Sájẹ́ǹtì ní oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ ni. Tú u.”

Títíladé tú u. Fìlà ọmọ ìkókó ló wà níbẹ̀, àti ìbọ̀sẹ̀ kékeré méjì. Òwú aláwọ̀ ìyeyè ni wọ́n fi hun wọ́n, wọ́n sì fi òwú funfun ṣe òdòdó kékeré sí ara wọn.

“Oúnjẹ ọ̀sán tí wọ́n fi ọwọ́ hun,” ni obìnrin náà wí. “Ta ló bímọ nítòsí ibí?”

“Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni, mà. Ọmọ náà ò tíì dàgbà rárá.”

“Ọ̀nà tó gba ẹ̀bá kòtò yẹn, ibo ló lọ?”

“Ilé ẹ̀gbọ́n mi.”

“Ẹ gbọ́, Sájẹ́ǹtì? Ó ń lọ kí ọmọ tuntun ni.”

“Tàbí ó ń lọ bẹ ẹni tó fẹ́ pa á, mà,” ni Sájẹ́ǹtì dáhùn. “Ẹni náà ò sì gba ẹ̀bẹ̀.”

Inspẹ́kítọ̀ kò bínú o, ó kàn ń yẹ fìlà náà wò síwá sẹ́yìn. “Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wù òtútù rẹ̀ wá dà?”

“Ẹ̀wù òtútù wo, mà?”

“Èmi náà ti hunṣọ fún ọmọ rí. Ẹ̀wù òtútù lèèyàn ń kọ́kọ́ hun, òwú tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn náà la fi ń hun fìlà àti ìbọ̀sẹ̀. Obìnrin wo ló máa hun fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ tí yóò wá fi àyà ọmọ sílẹ̀ fún òtútù? A ti gbọ́n omi kòtò yẹn, kò sí níbẹ̀. Kò sí nínú yàrá rẹ̀ náà.” Ó ju kúlíkúlí kan sẹ́nu. “Ó ti kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí ibì kan nìyẹn.”

*

Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ bi ní ìbéèrè ni Bàbá Jùbrílù, tó ń ṣọ́ géètì. Inspẹ́kítọ̀ ní kí Títíladé máa bá òun kiri, nítorí òun ò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Títíladé ò mọ̀ bóyá wọ́n fẹ́ràn òun ni tàbí wọ́n ń ṣọ́ òun.

Bàbá Jùbrílù ti mú tẹ̀sùbáà dání kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. “Walláhì, mi ò níí parọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Mò ń ṣe àlùwàlá láti kírun Áṣárì nígbà tí Sanmí kọjá lọ sọ́nà oko. Àdá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò tíì kírun tán tí mo fi gbọ́ ariwo.”

“Ẹ̀jẹ̀ wà lára àdá yẹn,” ni Sájẹ́ǹtì sọ, tìdùnnútìdùnnú.

Inspẹ́kítọ̀ ní kí wọ́n gbé àdá náà wá nínú ọkọ̀. Ó yọ ọ́ nínú àpò, ó gbé e sí oòrùn, ó fi èékánná bọ́ nǹkan kan níbi èèkù rẹ̀.

“Irun rèé, Sájẹ́ǹtì. Ìgbà wo ni ará Filipíìnì bẹ̀rẹ̀ sí í ní irun òkété? Dókítà sì ti sọ pé nǹkan yíyí tó wúwo ni wọ́n fi lù ú, kò sí ojú àdá kankan lórí rẹ̀.”

Ara tu Títíladé díẹ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́. Àdá nìkan kọ́ ló wà lóko. Igi wà níbẹ̀, òkúta náà sì wà.

“Bàbá,” ni Inspẹ́kítọ̀ tún bi ẹ̀ṣọ́ náà, “ṣé ẹ rí ọ̀gá yín rí kó fi ìka tọ́ka sí nǹkan?”

Ìbéèrè náà ya gbogbo wọn lẹ́nu. Bàbá Jùbrílù fi ọwọ́ tó mú tẹ̀sùbáà nu iwájú orí. “Ìka kẹ̀? Ẹ wá wò ó o, mi ò rí i rí. Ṣùtì ló máa ń yọ síni. Bí ẹ bá bi í pé ibo ni kí n gbé àpò yìí sí, á na ètè síta, á yọ ṣùtì sí yín. Ọkùnrin náà kì í jà, ṣùgbọ́n kò níwà.”

Inspẹ́kítọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́, kò sì sọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín.

*

Sanmí jókòó sílẹ̀ lẹ́yìn káńtà ní àgọ́ ọlọ́pàá, ó ká orúnkún sókè. Títíladé gbé oúnjẹ tí ìyàwó rẹ̀ sè fún un, kò wò ó. Ojú rẹ̀ ti wọnú láàrin ọjọ́ kan.

“Sọ bí ìjà yín ṣe bẹ̀rẹ̀ fún mi,” ni Inspẹ́kítọ̀ wí.

“Bẹ́líìtì ẹ̀rọ ló já, mà. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta lóṣù yẹn. Máníjà sáré wá, ó ń bi wá pé kí ló fà á. Ọ̀gá Rẹnátò ò fọhùn. Ó kàn yíjú sí mi, ó yọ ṣùtì sí mi, níwájú àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ níṣẹ́!” Ohùn rẹ̀ ṣì ń gbóná. “Mo pariwo mọ́ ọn. Mo ní ojú rẹ̀ máa rí màbo. Ẹ mọ ohun tó ṣe? Ó rẹ́rìn-ín sí mi.”

“Kí ló wà lẹ́yìn rẹ níbi tó o dúró sí?”

“Lẹ́yìn mi? Ìdì bẹ́líìtì tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá láti sítọ́ọ̀ ni.”

“Ṣé ẹ ti bá ara yín sọ̀rọ̀ látìgbà náà?”

“Rárá o. Bàbá Elijah ló ń gbé ọ̀rọ̀ lọ gbé ọ̀rọ̀ bọ̀ láàrin wa. Àgbàlagbà ni wọ́n, alàgbà ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun, wọ́n sì ń fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí wọ́n bá lọ, ìdáhùn tí wọ́n ń mú bọ̀ ń burú sí i ni. Pé ó ní òun máa lé mi lọ. Pé ó ní òun ò lè bẹ irú èmi.”

“Kò fi ẹ̀bùn kankan ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ?”

Sanmí wò ó bí ẹni wo wèrè. “Ẹni tó ń yọ ṣùtì sí mi, mà?” Nígbà náà ló yíjú sí àbúrò rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. “Títí, ṣé ìwọ náà rò pé èmi ni?”

Títíladé la ẹnu, ọ̀rọ̀ kò jáde. Sanmí rí i bẹ́ẹ̀, ó sì gbé orí lé orúnkún rẹ̀ padà.

*

Bàbá Elijah ló ń mójú tó sítọ́ọ̀. Àárín gíríìsì àti ìdì bẹ́líìtì ni wọ́n bá a, ó dìde fún wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọkùnrin gíga ni, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, ohùn rẹ̀ tutù. Ó gbé ọwọ́ lé Títíladé léjìká, ó ní, “Ọmọ mi, mo ti ń gbààwẹ̀ nítorí yín láti àná.” Omi bọ́ lójú Títíladé. Látàárọ̀, ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn án bẹ́ẹ̀.

“Ẹ̀yin lẹ wà láàrin àwọn méjèèjì, Bàbá,” ni Inspẹ́kítọ̀ wí.

“Mo gbìyànjú o. Sanmí le, ṣùgbọ́n òyìnbó yẹn ló le jù. Ó lu tábìlì yìí mọ́ mi, ó pariwo pé àfi kí Sanmí lọ.”

“Ó pariwo?”

“Tí kò bá pariwo, mi ò níí sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ilé-iṣẹ́ ló yẹ kó gbọ́.”

Pákó nìkan ló wà láàrin sítọ́ọ̀ àti ọ́fíìsì Títíladé. Bí Bàbá Elijah bá húkọ́, Títíladé ń gbọ́. Láti ọjọ́ tí Ọ̀gá Rẹnátò ti dé, kò gbọ́ kí ó gbé ohùn sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìbáà ṣe sí ajá. Ó gbójú sókè, ojú rẹ̀ bá ti Inspẹ́kítọ̀ pàdé. Obìnrin náà ti ń wò ó kó tó gbójú sókè.

“Títíladé,” ni Bàbá Elijah wí jẹ́jẹ́, “ẹ̀yin méjèèjì jọ ń sọ̀rọ̀ níbi tí a ń sá ẹ̀gẹ́ sí láàárọ̀ àná. Kí ló sọ fún ọ?”

Ojú tì í. “Kò sọ nǹkan kan, sà.”

*

Nígbà tí wọ́n jáde, Inspẹ́kítọ̀ fà á lọ́wọ́ lọ sí orí sìmẹ́ńtì gbalasa tí wọ́n ń sá ẹ̀gẹ́ sí. Òjò ti ń ṣú lápá Ìbàdàn, àwọn obìnrin sì ń kó ẹ̀gẹ́ wọn jọ ní wàràwàrà.

“O parọ́ fún bàbá yẹn. Kí ni Rẹnátò sọ fún ọ?”

“Mà, kò fi bẹ́ẹ̀ sọ nǹkan kan lóòótọ́.” Ẹkún gbọ̀n ohùn rẹ̀. “Èmi ni mo lọ bá a, láti bẹ̀ ẹ́ nítorí ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní òun gbọ́ pé Sanmí fẹ́ pa òun. Mo ní, ‘Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?’ Dípò kó dá mi lóhùn, ó yọ ṣùtì sí mi. Èmi tí mo wá bẹ̀ ẹ́! Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Inú bí mi débi pé nígbà tí wọ́n ní ó wà nínú kòtò...”

Inspẹ́kítọ̀ kò bá a wí. “Dúró síbi tó o dúró sí lánàá. Kọjú síbi tó o kọjú sí.” Òun fúnra rẹ̀ wá dúró síwájú rẹ̀. “Èmi ni Rẹnátò. Bi mí ní ohun tó o bi í.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?”

Inspẹ́kítọ̀ gbé ojú sókè díẹ̀, ó na ètè méjèèjì síta, bí Ọ̀gá Rẹnátò ti ṣe é gẹ́lẹ́. Ó tún un ṣe. Títíladé rí i pé ojú obìnrin náà kò sí lára òun rárá, ó kọjá lórí èjìká òun.

“Nígbà tí mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́,” ni Inspẹ́kítọ̀ wí, “wọ́n fi mí ṣọ́ ilé àwọn tíṣà Filipíìnì kan ní Ìṣẹ́yìn. Wọ́n ní ẹnì kan ń sọ òkúta lu ilé wọn, kí n dáàbò bò wọ́n. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó kù díẹ̀ kí èmi fúnra mi sọ òkúta lù wọ́n, nítorí ṣùtì. Ìgbà tó yá ni mo tó mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń tọ́ka sí nǹkan nìyẹn. Bá a bá na ìka sí ènìyàn lọ́dọ̀ wọn, àrífín ni. Ètè ni wọ́n ń nà.”

“Bẹ́líìtì ló ń tọ́ka sí lẹ́yìn Sanmí nígbà náà.”

“Ó ń fi hàn máníjà pé bẹ́líìtì tí sítọ́ọ̀ ń gbé jáde ò dáa. Kò fẹ́ dárúkọ ẹnikẹ́ni níwájú èrò. Ìtìjú ńlá ni lọ́dọ̀ wọn kí wọ́n bá ènìyàn wí ní gbangba, wọn kì í sì í kojú ẹni tí wọ́n ń bá ní gbọ́nmi-si-omi-ò-to. Wọ́n á wá onílàjà tí wọ́n fọkàn tán, á máa bá wọn lọ, á máa bá wọn bọ̀.”

“Àwa náà máa ń rán àgbàlagbà, mà.”

“Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni nínú yín ò fi fura.” Ó dín ohùn kù. “Bó o ṣe dúró lánàá yìí, ta ló wà lẹ́yìn rẹ?”

Títíladé yípo. Ẹnu ọ̀nà sítọ́ọ̀ ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó rántí pé nígbà tí òun fi ìbínú yí padà lánàá, Bàbá Elijah dúró níbẹ̀ tó ń nu ọwọ́, ó sì kí òun kú iṣẹ́. Bàbá náà ti ń bá Rẹnátò ṣiṣẹ́ tipẹ́, ó mọ ohun tí ètè yẹn ń wí. Ó ti rí i pé wọ́n tọ́ka sí òun, kò sì mọ̀ bóyá Títíladé lóye. Ìyẹn ló ń bi í láàárọ̀ yìí, tòun ti ọwọ́ léjìká.

“Ta ló tún bímọ, yàtọ̀ sí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ?”

“Ọlámipọ̀sí,” ni ó dáhùn. “Ọmọ Bàbá Elijah.”

“Mò ń lọ kí ìyá ìkókó nìyẹn. Dúró sáàárín àwọn obìnrin yìí. Má ṣe dá wà. Má sì jẹ́ kó hàn lójú rẹ pé o mọ nǹkan kan.”

*

Báwo lèèyàn ṣe ń dúró sáàárín àwọn obìnrin nígbà tí òjò bá tú wọn ká? Kò pẹ́ tí ọkọ̀ ọlọ́pàá lọ tí òjò bẹ̀rẹ̀, kálukú sì sá síbi tó bá ojú rẹ̀. Títíladé sá wọ ọ́fíìsì láti mú àpò rẹ̀. Kò tíì yíjú padà nígbà tí ilẹ̀kùn padé lẹ́yìn rẹ̀.

“Òjò ń fẹ́ wọlé, ọmọ mi,” ni Bàbá Elijah wí.

Ọ̀pá irin tí wọ́n fi ń dábùú ilẹ̀kùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi dá ilẹ̀kùn náà lábùú, ó sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Títíladé ti ń rí ọ̀pá yẹn lójoojúmọ́. Ọjọ́ náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó: ó yípo, ó nípọn, ó wúwo. Òjò ń pariwo lórí páànù. Bí òun bá kígbe, ta ni yóò gbọ́?

“Lánàá,” ni bàbá náà wí, “kí ni Rẹnátò sọ fún ọ?”

“Kò sọ nǹkan kan, sà.”

“Mo wà níbẹ̀. Mo rí ẹnu rẹ̀.”

Ó sún mọ́ ọn. Títíladé fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fà fúnra rẹ̀, kò sì lè dá a dúró. Ẹ̀rín ni. Ó ń rẹ́rìn-ín sí ọkùnrin náà.

“Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?”

Kò sí nǹkan kan tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ni. Lójú ẹsẹ̀ ló rántí Ọ̀gá Rẹnátò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ lọ́jọ́ ìjà, tí Sanmí ń bú mọ́ ọn níwájú gbogbo èèyàn, ó ní òun máa fojú rẹ̀ rí màbo, tí àjèjì náà sì ń rẹ́rìn-ín, tí gbogbo wọn sì ní ẹ̀gàn ni. Ẹ̀rù ló ń ba ọkùnrin yẹn. Òun nìkan ló wà láàrin wọn, ẹ̀rù sì ń bà á.

“Ìtìjú ni, Bàbá,” ni ó wí. “Ṣùtì ló yọ sí mi. Mo wá bẹ̀ ẹ́ nítorí Sanmí, ó yọ ṣùtì sí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.”

Bàbá Elijah wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló mí kanlẹ̀, gbogbo ojú rẹ̀ sì tú. “Kò níwà. Ṣebí mo ti sọ fún gbogbo yín? Kúnlẹ̀ kí n gbàdúrà fún ọ.”

Títíladé kúnlẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ ńlá náà bo gbogbo àtàrí rẹ̀, ó gbóná. Bàbá náà ń gbàdúrà fún ẹ̀mí gígùn rẹ̀, òun náà ń ṣe àmín, àmín, ó sì ń wo ọ̀pá irin láti ibi tó kúnlẹ̀ sí. Kò bẹ̀rù bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. “Bàbá Elijah! Ẹ ṣílẹ̀kùn o, òjò ń pa ọmọ-ọmọ yín!”

Bàbá náà fúnra rẹ̀ ló yọ ọ̀pá náà. Ọlámipọ̀sí dúró lábẹ́ agbòjò Inspẹ́kítọ̀, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀wù òtútù aláwọ̀ ìyeyè ló wà lọ́rùn ọmọ náà, òdòdó funfun kékeré sì wà níbi ọrùn rẹ̀.

“Ẹ̀wù yìí wù mí,” ni Inspẹ́kítọ̀ wí bó ti ń wọlé. “Ọlámipọ̀sí ní ẹ̀yin lẹ fi ta òun lọ́rẹ.”

“Mo rà á ní ọjà Ṣáṣá ni.”

Inspẹ́kítọ̀ yọ fìlà inú kòtò jáde nínú àpamọ́wọ́, ó ti gbẹ. Ó fi dé ọmọ náà lórí. Òwú kan náà ni, òdòdó kan náà ni, ọwọ́ ẹnì kan náà ló hun ún, ọmọdé á mọ̀.

“Mo ti bi ẹni tí òun àti Rẹnátò jọ ń gbé ilé kan náà. Ìyàwó Rẹnátò ló hun ún, ó sì fi ránṣẹ́ sí ọkọ rẹ̀ láti Filipíìnì. Ta ló wá ń tà á ní Ṣáṣá, Bàbá? Ó rán yín pé kí ẹ mú un lọ fún ọmọ Sanmí, kí ẹ bá òun bẹ̀ ẹ́. Ẹ gbé ẹ̀wù lọ sílé yín, ẹ sì gbé èébú lọ fún Sanmí.”

Ọlámipọ̀sí wo bàbá rẹ̀, ó wo ẹ̀wù ọmọ rẹ̀, ó sọ ọmọ náà kalẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ọ kúrò lọ́rùn rẹ̀ kíákíá, bí ẹni pé iná ló wà lára rẹ̀. Ó jọ pé ìyẹn ló ṣẹ́ bàbá náà ju ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá lọ. Ó wá ọ̀pá irin, ṣùgbọ́n Sájẹ́ǹtì Akínwándé, tó tẹ̀lé Inspẹ́kítọ̀ wọlé, ti mú ọ̀pá náà. Ohun kan ṣoṣo tó wúlò tí Sájẹ́ǹtì ṣe látàárọ̀ nìyẹn, ká sì kí i kú iṣẹ́.

“Mi ò fẹ́ pa á,” ni Bàbá Elijah wí, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. “Ó ní onílàjà ti sú òun, òun máa lọ bá Sanmí fúnra òun. Bí àwọn méjèèjì bá jókòó, tí wọ́n bi ara wọn léèrè ọ̀rọ̀ bẹ́líìtì, wọ́n á mọ̀ pé àlòkù ni mò ń kó fún wọn, tí mò ń gbé tuntun gba ẹ̀yìn jáde lọ tà. Mo sáà ní kó má tíì lọ. Kò dúró.”

Títíladé jáde sínú òjò, ó dúró síbẹ̀, ó ń sunkún. Ẹ̀rù náà ò tíì kúrò lára rẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó kú fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ yẹn náà sì ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í ní ìbéèrè kan tí kò rí ìdáhùn sí.

*

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni Ọ̀gá Rẹnátò lajú. Inspẹ́kítọ̀ ní kí Sanmí ní sùúrù, kó rán ẹnì kan ṣáájú. Sanmí ní ẹnikẹ́ni ò níí bá òun jíṣẹ́ mọ́ láyé.

Títíladé tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Báńdéèjì ló wé mọ́ gbogbo orí ọkùnrin náà. Bó ti rí Sanmí, ó sún mọ́ ògiri, ó fa aṣọ ìbora dé àgbọ̀n. Wọ́n ti ṣàlàyé ohun gbogbo fún un, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ò tíì gbọ́ àlàyé náà. Sanmí dúró. Títíladé rí i lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ọjọ́ náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé òun ni ọkùnrin yìí ti ń sá fún látọjọ́ yìí.

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì, láàrin àwọn aláìsàn. Nọ́ọ̀sì kan ń pariwo pé kó dìde, pé ọsibítù ni wọ́n wà. Kò dìde. Gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tó tò sílẹ̀ láti ilé ti sá lọ.

Ọ̀gá Rẹnátò wá yí ẹ̀gbẹ́, pẹ̀lú ìrora, ó na ọwọ́ sísàlẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì títí tó fi kan èjìká Sanmí. Yorùbá díẹ̀ tó ti kọ́ ló fi sọ̀rọ̀.

“Ọmọ,” ni ó wí. “Orúkọ rẹ̀? Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi.”

“Ṣeunfúnmi, sà,” ni Sanmí dáhùn láti orí ilẹ̀. “Ṣeunfúnmi ni.”